Ọlọ Tí Mo Rà fún Ìyá Mi

Iṣẹ́ òkúta ni mò ń ṣe. Akọ òkúta tí àwọn oníbàárà ń pè ní granit ni mo máa ń gé sórí tábìlì ilé ìdáná wọn ní àdúgbò Riviera, n ó sì fọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé kò ní mu epo, kò ní mu omi. Ó wá yẹ kí n mọ òkúta rà, àbí?

Nígbà tí bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo mú ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Niangon, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé níbí, níbi tí mo ń dá gbé. Kí oṣù tó parí, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo ni bọ́ọ̀sì ń lọ sílé. Mo rò pé ó ti fẹ́ padà. Nígbà tó tún ní ata tí ẹ̀rọ lọ̀ kì í dùn lẹ́nu òun, kíá ni mo lọ ra ọlọ lọ́jà Siporex. Ẹni tó tà á fọwọ́ gbá a, ó ní, "Tonton, c'est dur, dèh." Mo gbà fún un pé ó le.

Nílé wa, bí ojú ọlọ bá ti ń dán, a máa ń fi òkúta líle ṣá a wẹ́wẹ́ kí ojú rẹ̀ lè tún le háráhárá. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí n tó jáde, mo máa ń jókòó ti ìyá mi, n ó sì ṣá ọlọ rẹ̀ fún un. Inú mi a máa dùn. Mo rò pé ọmọ gidi ni mí.

Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà níbí, ni mo máa ń jẹ yó níbi iṣẹ́ kí n tó wálé, nítorí náà oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó fẹnu kan ọbẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò lé wa kúrò níbi iṣẹ́ ni mo bá a jókòó ti àwo. Ní òkèlè kejì, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í rún yanrìn.

Mo gbé ọlọ síta, mo fi àfọ́kù akọ òkúta kan tì í, mo da omi lé méjèèjì lórí. Omi ṣàn kúrò lórí akọ òkúta. Ọlọ mu tirẹ̀ tán. Mo fi ìṣó ha wọ́n. Ìṣó kò rí akọ òkúta gbé ṣe, ṣùgbọ́n yanrìn ń dà lára ọlọ, ìlà-ìlà sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi bi mí ohun tó fà á. Mo ní iná inú ilẹ̀ ló yọ́ akọ òkúta, tó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ara kan, bí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń dì nínú ewé. Yanrìn tí omi kó gorí ara wọn, tó ṣù pọ̀ nígbà tó pẹ́, ni ọlọ yìí. Bí mo ṣe ń ṣá a ni mo ń tú u sínú ata rẹ̀. Ojú tì mí gidigidi.

"Màámi, depuis oṣù mẹ́ta yìí, yanrìn lẹ ń jẹ?"

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí ara bá ń ni yín, ẹ ó padà sílé."

Ó gbọn yanrìn kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ìgbà tí o bá ń ṣá a nìkan lo máa ń jókòó tì mí," ló wí. "Bí mo bá ní òkúta náà ò dáa, kí lo tún fẹ́ jókòó ṣe?"