Bí Mo Ṣe Dín Káìtì Ọmọ Mi

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ, ìgbéraga mi sì ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Bí mo bá rí ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ò jókòó dáadáa lójú títì, ọwọ́ á máa yún mi. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá tẹ́ mi sínú pósí, ojú ìrán aṣọ inú rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọmọ mi obìnrin ní tirẹ̀ ń fi káìtì sáré lórí omi. Á dúró lórí pátákó, á di okùn káìtì ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ rán mú, afẹ́fẹ́ òkun á máa wọ́ ọ lọ. Ó fẹ́ gbàwé àṣẹ láti máa kọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò ni káìtì náà ya. Ó gbé e wá bá mi.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ya nìkan ni kẹ́ ẹ rán o."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́?"

Mo rán an, ó mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde. Mo bá tún nà án sórí tábìlì, mo rí i pé àárín rẹ̀ wú bí ikùn èmi gan-an. Mo pòṣé. Télọ̀ wo ló gé rádaràda yìí? Mo dín ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé díẹ̀, mo ní bí mo bá jẹun tán, n ó dín ọ̀tún. Mo jẹun tán, mo gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lọ sétí òkun. Káìtì gbéra, ó yí sósì, ó tún yí sósì, ó wọ́ ọmọ mi gba inú omi, ó sì jù ú sórí yanrìn níwájú obìnrin tó ń dán wọn wò. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, kí lẹ ṣe sí i?"

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kílẹ̀ lanu gbé mi mì. "Mo dín in."

Obìnrin náà ní ẹni méje ló kù. Bí a bá tún un ṣe kí wọ́n tó tán, kí ọmọ náà tún gbìyànjú. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi abẹ tú iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, ọmọ mi ń fi téèpù lẹ àwọn ihò tí abẹ́rẹ́ mi dá sí i.

Lẹ́ẹ̀kejì, káìtì lọ tààrà, ó yí padà, ó bọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Obìnrin náà bọ ọmọ mi lọ́wọ́, ó fún un níwèé. Ẹkún gbọ̀n mí.

Ọmọ mi wá bá mi, omi ń kán lára rẹ̀. "Bàbá mi, ọ̀kan tún wà nílé tó ti ya. Ṣé ẹ máa bá mi rán an?"

"Màá rán an," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n wá jókòó tì mí, kóo máa ṣọ́ ọwọ́ mi."