Ọ̀sán Tí Kò Sẹ́ni Tó Pe Bùsírátù

Ní ilé Àlàájà Umm Kulthum ní Utaybiyah, nílùú Mẹ́kà, Bùsírátù kì í jókòó jẹun. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, lẹ́bàá ìkòkò, nítorí bó bá ti jókòó ni wọn yóò pè é. Wọ́n lè pè é láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó wá mú fóònù tó wà lórí tábìlì fún ẹni tó jókòó ti tábìlì náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àlàájà ló san owó ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ti Ìwó wá ṣe úmúrà. Mẹ́kà ni wọ́n bí Àlàájà sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìwó ni ìyá tó bí i, Yorùbá ìyá náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àdéhùn wọn kò díjú: Bùsírátù yóò fi iṣẹ́ ilé ọdún méjì dí owó ọkọ̀, lẹ́yìn náà kálukú á máa ṣe tirẹ̀. Àlàájà gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kó má baà sọnù. Físà rẹ̀ sì tán síbẹ̀.

Bùsírátù kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bàbá-bàbá rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà rí. Oko kòkó ẹni tó yá ẹbí rẹ̀ lówó ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, á kọjá sí oko ara rẹ̀. Olówó kò gbọdọ̀ pè é padà. Títí tó fi darúgbó ló ń wí pé, "Àárọ̀ ni mo fún wọn. Ọ̀sán, tèmi ni."

Bùsírátù náà ní ọ̀sán tirẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń lọ sí yàrá tí òun àti Ṣàkírù, ọkọ rẹ̀, háyà ní Ka'kiyah. Bí Jímọ̀ bá mọ́, á lọ kírun ní Mọ́sáláṣí Ńlá, á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Yàrá yẹn ló bí Fawziyyah sí. Ọmọ ṣì ń mu ọmú nígbà tí wọ́n mú Ṣàkírù ní Jarwal níbi tó ti ń fọ bọ́ọ̀sì àwọn àlàájì, tí wọ́n sì dá a padà sí Nàìjíríà. Tárẹ́lì ni wọ́n ń pe irú ìdápadà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí aláìníwèé tí kì í sá fún un. Jẹ̀mílátù, onídìrí tó ń gbé yàrá kejì, ló ń bá a tọ́jú ọmọ láti ìgbà náà.

Ọdún méjì pé. Àlàájà ní, "Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń kó èèyàn ní àdúgbò, ilé ta lo sá sí? Ta ló bò ọ́? Ìyẹn náà kì í ṣe gbèsè ni?"

Ọdún kún ọdún. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ Jímọ̀, Jímọ̀ náà di èyí tí kò bá sí àlejò. Ó yọ́ bí ọṣẹ inú omi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìwó, orí fóònù ló ti gbọ́, ìyẹ̀fun ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àlejò ní pálọ̀. Ó ní òun á sunkún bí wọ́n bá lọ. Nígbà tí wọ́n lọ, ẹkún kò wá mọ́.

Síbẹ̀, ìwọ̀fà ló ka ara rẹ̀ sí. Ìwọ̀fà lè pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á jọ́kan.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, Àlàájà wọ ilé ìdáná.

"Bùsírà, ọmọ rẹ ti dàgbà o, mà shá Allah."

"A dúpẹ́, Àlàájà."

"Kí ló ń ṣe nínú ooru Ka'kiyah yẹn? Mú un wá síbí. Á máa bá Jawaher ọmọ mi ṣeré, á máa gbé tíì fún àlejò. Ẹ̀yìn ti ń dùn ìwọ náà. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ọ́ pátápátá, òun á wà níbẹ̀."

"Ọmọdé ni, Àlàájà."

"Ṣé màá lù ú ni? Ọmọ mi ni. Ọmọdé ló máa ń tètè mọṣẹ́."

Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀. Ó tilẹ̀ mú aṣọ Jawaher kan tó ti kéré wá, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ba Bùsírátù lẹ́rù.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó sí Fàjíníà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló fi iṣẹ́ ọdún díẹ̀ dí owó ọkọ̀ ojú omi, tí ọdún wọn pé, tí wọ́n gba ara wọn. Àwọn dúdú kan náà rí bẹ́ẹ̀ gbà. Nígbà tó yá, ọdún àwọn dúdú kò pé mọ́. Lẹ́yìn náà ni òfin dé pé ohun tí ìyá bá jẹ́, ẹrú tàbí ẹni òmìnira, ni ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́. Bùsírátù kò gbọ́ orúkọ Fàjíníà rí. Aṣọ kékeré yẹn ló ń wò lórí tábìlì ìdáná.

Nígbà tó dé Ka'kiyah ní Jímọ̀, Fawziyyah wọ aṣọ náà, ó ń yí po nínú yàrá. Ó fi Lárúbáwá béèrè ìgbà tí òun yóò kó lọ sílé Jawaher.

"Ọ̀la ni a ń lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jẹ́dà la ń lọ. A máa fi ara wa lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí wọ́n dá wa padà sílé."

Jẹ̀mílátù ju kóòmù sílẹ̀. "Tárẹ́lì tí gbogbo ayé ń sá fún! Ìwọ wá ń múra lọ bí ìyàwó ojú ọ̀nà! Ọpọlọ rẹ dà?"

"Ó wà lórí mi."

"O ò ní lè padà wá mọ́. O ò ní fojú kan Káábà mọ́ láyé rẹ."

"Mo mọ̀."

"Èmi ńkọ́?" ni Jẹ̀mílátù wí. Ó mú kóòmù, ó fa Fawziyyah sáàárín orúnkún rẹ̀, ó di irun rẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ.

Bùsírátù bọ́ aṣọ Jawaher lára ọmọ, ó ní kí Jẹ̀mílátù dá a padà. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Àlàájà. Kò lọ béèrè rẹ̀.

Ní Jẹ́dà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba orúkọ wọn béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò yé Bùsírátù. Fawziyyah, tó ti ń sunkún láti ojú ọ̀nà, ló túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ta ló ni wá."

"Sọ fún un pé kò sí."

Ọmọ náà wò ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Wọ́n kó wọn sí gbọ̀ngàn kan tó kún fún àwọn obìnrin tí kò gbọ́ èdè wọn. Ní ọ̀sán, wọ́n pín ìrẹsì. Bùsírátù gba tiwọn, ó sì dúró tì í, etí rẹ̀ ń retí. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ó ní kí Fawziyyah wá jẹun. Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ògiri.

Ó dá nìkan jẹun. Kò sẹ́ni tó pè é.