Bọ́tìnnì Pupa àti Ohùn Ìyá Mi

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Abẹ́òkúta kò le, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀. Bí ìsìn tàbí ìpàdé bá ń lọ lọ́wọ́, mo máa fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, àwòrán á sì máa hàn lójú rẹ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti wọlé nìyẹn. Kò tíì wọlé o. Àfi kí n fọwọ́ ara mi tẹ bọ́tìnnì pupa kan kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ohun tó ń rí. Èyí tó bá kọjá kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó lọ nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ló sọ mí di ojo.

Nígbà tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá mi, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ó sì ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ má padà mọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní a-ò-rírú-èyí-rí, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń ba ọlọ́rọ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Aláró ni ìyá mi, ọjà Ìtòkú ló ti ta àdìrẹ títí àwọ̀ aró fi kọ̀ tí kò kúrò ní èékánná rẹ̀ mọ́. Láti kékeré wa, oríkì ló fi ń jí wa láàárọ̀, ti oníkálùkù lọ́tọ̀, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Nínú tèmi, ó máa ń sọ bí òjò ṣe ká òun mọ́ ojú ọ̀nà Odeda, nínú ọkọ̀ ẹ̀gẹ́, níbi tó ti bí mi. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, mo gbé kámẹ́rà sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbarà, kó lè ké oríkì wa kí n tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wò wá lórí fóònù láti òkè òkun, àbúrò mi ọkùnrin ń wò wá láti Jọ́ọ̀sì. Mo yẹ bátìrì wò, mo tún un yẹ̀ wò, mo fọwọ́ kan wáyà bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ìyá mi ní kí n jókòó, pé ohun tí mò ń bẹ̀rù kò tíì dé.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ké. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná rẹ̀ tàn, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún ó ń sunkún. Ìyá mi parí, mo dá kọ̀ǹpútà dúró. Bákan náà ni ti àbúrò mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn: mo máa ń tọ́jú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má baà ba èkejì jẹ́. Ohùn ìyá mi ti ń ha. Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, mò ń wò ó bóyá ti àbúrò mi wọlé, ni mo gbọ́ tó pe oríkì mi.

Kí n tó ronú, mo ti wà nílẹ̀. Nílé wa, bí ó bá pe oríkì rẹ, o ò gbọdọ̀ wà lórí ìdúró, o ò sì gbọdọ̀ dìde títí á fi fọwọ́ gbá ọ lẹ́yìn. Mo na gbalaja, àyà mi lórí sìmẹ́ńtì, ó ń ké mi lọ. Mi ò tíì tẹ bọ́tìnnì yẹn. Mo mọ̀ dájú. Bí mo bá dìde, mo já a mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀fun yẹn ò sì lè tún un bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá dìde, ó lọ. Mi ò dìde. Mo gbọ́ ibi òjò, lẹ́yìn náà ikọ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ sì gbá mi lẹ́yìn. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ohùn kò padà. Ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ń gbọ́ tiwọn lórí fóònù láràárọ̀. Tèmi ti ń pa rẹ́ lọ́kàn mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i, ọwọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbá mi lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì pupa náà, mo wò ó dáadáa, kí n tó lọ dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo wo àwòrán náà, mo rí i pé gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílẹ̀ ni ètè ìyá mi ń mì. Ó ń fi ètè ké mi láìsí ohùn. Mo ti wò ó títí. Ibi òjò nìkan ni mo tíì dá mọ̀.