Omi Tó Ní Ẹsẹ̀

Ìròyìn tó gba Agége kan lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ìlú òyìnbó wá sí Èkó ni pé kámẹ́rà olóògbé Moses Olúgbénró, onífọ́tò ẹ̀yìn rélùwéè, ti gbé odidi ìjọ Aládùúrà mì, ó sì tu ẹsẹ̀ wọn dànù bí ẹni tu eegun ẹja. Kí ìròyìn náà tó dé Àgídìngbì, kámẹ́rà ti jẹ bọ̀lẹ̀kájà tó gbé wọn mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa dé Oko Ọba, wọ́n ní aṣọ funfun ló máa ń wù ú jẹ jù, làwọn oníṣòwò màlúù bá ń fi àpò ìdọ̀họ bo gbogbo màlúù wọn tó funfun.

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí fótò náà rí kò lè jiyàn ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn.

Gbénró, ọmọ Ìjẹ̀bú, kì í ṣe onífọ́tò lásán. Tó o bá jókòó síwájú rẹ̀, ariwo ló máa fi pa ọ́: "Má mira! Má ṣẹ́jú! Má mí!" Ọkọ ìyàwó kan gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ débi pé ó dákú sórí àga. Bí wọ́n ṣe ń sáré da omi sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni Gbénró ń pariwo, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Kò tíì dúró dáadáa tó báyìí láti àárọ̀!"

Ọjọ́ tó rí kàlẹ́ńdà kan ní ọ́fíìsì òyìnbó ní Ìkẹjà layé rẹ̀ dàrú. Àwòrán omi tó ń já bọ́ látorí àpáta ló wà lára rẹ̀, omi náà funfun, ó rọ̀, àfi bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Ó wádìí títí, wọ́n ní kò sí idán níbẹ̀. Ńṣe ni onífọ́tò ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ kó pẹ́. Ohun tó bá dúró á hàn kedere. Ohun tó bá ń rìn á yọ́ bí èéfín. Agége ò sì ní omi kankan tó ń já bọ́, àyàfi ti ẹ̀rọ àdúgbò. Ni Gbénró bá gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó ṣí omi sílẹ̀, ó ní kẹ́nikẹ́ni má pọn.

"Ṣé ká máa wò ó kó máa ṣòfò ni?" obìnrin kan bi í.

"Ẹ máa wò ó! Ṣé ẹ ti fara balẹ̀ wo omi rí ni?"

"Mímu la máa ń mu tiwa."

Korobá ni wọ́n fi lé e délé.

Ẹ wá rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó nígbà tí Wòlíì Dàwódù, olórí ìjọ Aládùúrà àdúgbò, ní kó tẹ̀lé àwọn lọ síbi omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látorí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, kó ya fótò gbogbo ìjọ níwájú omi. Wọ́n tò sórí àpáta nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Gbénró ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má mira. Omi ń hó, wọn ò gbọ́. Òtútù mú wọn, wọ́n ń gbọ̀n. Orin wọra, wọ́n ń jó. Ṣùgbọ́n àpáta ń yọ̀, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn gbé ẹsẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó dúró jẹ́ẹ́ ni Suara, mùsùlùmí tó wa bọ̀lẹ̀kájà gbé wọn wá, tó ti sùn fọnfọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí Gbénró fọ fótò náà tán, ó ké sí ìyàwó rẹ̀, Ojúọlápé.

"Wo omi! Wò ó bó ṣe rí bí òwú!"

"Mo rí i. Àwọn èèyàn tí ẹ lọ yà dà?"

"Èèyàn wo?"

Ọjọ́ ìkórè ni wọ́n ṣí aṣọ lójú fótò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sùtánà ti di omi, omi ti di sùtánà. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Suara hàn gedegbe, ó la ẹnu sílẹ̀, o lè ka eyín rẹ̀ títí dé èyí tó ti jẹrà.

"Moses, èmi dà?" Wòlíì béèrè.

"Ẹsẹ̀ yín rèé, sà. Èyí tó ní kókó yẹn."

Ojú ti Wòlíì. Kó má bàa di yẹ̀yẹ́, ó ké sí ìjọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò mọ́ ni fótò kò gbà. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?"

"Èmi?" ni Wòlíì wí. "Ẹsẹ̀ nìkan layé máa ń rí lára wòlíì."

Kí wọ́n tó wẹ̀yìn, Gbénró ti gba ojú fèrèsé jáde.

Ìtìjú sọ onífọ́tò di eku. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, agboorùn ló fi ń bojú, tòjò toòrùn. Suara wá bá a délé pé kó yọ fótò òun nìkan sọ́tọ̀, kó tóbi, kóun gbé e kọ́ sára bọ̀lẹ̀kájà, torí òun nìkan lọ́kàn òun mọ́ nínú gbogbo Aládùúrà.

"Bọ̀ọ̀dá Gbénró ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú," Ojúọlápé dáhùn.

"Ta ló wà lábẹ́ aṣọ dúdú kámẹ́rà yẹn?"

"Kámẹ́rà ni."

"Kámẹ́rà ló ń wúkọ́ yẹn?"

"Òtútù Ìjẹ̀ṣà ló mú un."

Lọ́lá, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ni kò ṣeé purọ́ fún. Ìgbéyàwó òun àti Adébísọ́lá ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́. Ó wọlé, kò jókòó, ó kọjú sí aṣọ dúdú náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ìyá Adébísọ́lá ní ọmọ tí fótò kọ̀, òun náà kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mi ò ṣe nǹkan kan. Òtútù ló mú mi. Ṣé òtútù náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Aṣọ dúdú mì. Gbénró yọ orí jáde, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Máa lọ sílé. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi."

Látìgbà tó ti kú làwa òpùrọ́ Agége ti ń bu iyọ̀ sí ìtàn rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó lè rántí rẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, àárín títì gbangba ló gbà, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń gbé ọmọ wọlé bí wọ́n ṣe ń rí i. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ dúró lábẹ́ fótò náà, èyí tí wọn ò lè jù nù torí wọ́n ti ta òróró sí i.

"Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló pa yín rẹ́," ó ní. "Èmi ni. Mo ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́ jù. Mo rí yín tí ẹ ń gbọ̀n. Mo rí Lọ́lá tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó yẹ kí n pa ojú kámẹ́rà dé, kí n bẹ̀ yín ká tún un yà. Ṣùgbọ́n omi ti gbà mí lójú, mi ò rántí yín mọ́. Mo wá sá pamọ́ fún ìtìjú, mo sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa bá mi rù ú."

Ó yíjú sí ìyá Adébísọ́lá.

"Ìyá wa, tiyín tiẹ̀ le jù. Ẹsẹ̀ yín gan-an ò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ìjọ, ẹ̀yin nìkan lẹ gbé ẹsẹ̀ jó lórí àpáta yẹn."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ kan bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ kejì, ó fa Lọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbénró dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wòlíì ní kó dìde. Kò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti gbé orí sókè, ó wo fótò, ó wo Wòlíì, ojú ń tì í gidigidi.

"Sà, ẹ má bínú o," ó ní. "Ṣùgbọ́n omi yẹn, ṣé ẹ ò rí i pé ó dára?"