Àpá Ara Òkúta Méjìlá

Kí n má parọ́, kò wù mí láti kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nípa òkúta lọ́dún yẹn. Orúnkún ń dùn mí, kíláàsì mẹ́ta ni mo ń kọ́ ní bàọ́lọ́jì, ọdún méjì péré ló sì kù kí n fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé wa ti gba fọ́ọ̀mù ìdíje sáyẹ́ǹsì kan kó tó bi mí. Ó ní kí n múra akẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ tí yóò lọ dá fọ́sìlì mọ̀, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ti kú láti ayébáyé tó wá di òkúta. Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ère làwọn èèyàn ń hú nílẹ̀ Ifẹ̀, kì í ṣe ìkarahun òkun. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ láti Ẹnuwá dé Mọdákẹ́kẹ́, ẹ ò ní rí fọ́sìlì kan. Fọ́tò inú ìwé nìkan là ń wò, títí bàbá kan tó ń tọ́jú láàbù ní yunifásítì fi yá wa ní òkúta méjìlá nínú páálí bísíkíìtì: oríṣiríṣi ìkarahun, eyín ẹja, igi tó ti di òkúta, ewé tó tẹ̀ mọ́ ara òkúta. Oṣù méjì la fi jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìjáde ilé-ìwé, nínú yàrá tí fáànù rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mo lẹ pílásítà bo nọ́ńbà ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi nọ́ńbà dá wọn mọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọmọ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀, méjì ló kù. Èkíní, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Sábó, yára gan-an. Mi ò ní tíì gbé òkúta kalẹ̀ tán tí á ti pe orúkọ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kàn fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ orúkọ òun lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ń wọ́ bí ìgbín. Á ka ìlà ara òkúta, á yí i, á yà á sínú ìwé, á pa á rẹ́, á tún un yà. Ó máa ń sú mi. Mo máa ń bi í pé ṣé ibí ló fẹ́ sùn ni, mo sì máa ń rán an lọ pọnmi kí ẹnìkejì rẹ̀ lè ráyè kàwé. Orúkọ ẹni tó yára ni mo fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ rán yunifọ́ọ̀mù tuntun fún un, gbogbo Sábó sì gbọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje wáyé ni bàbá láàbù yà wá wò. Ó yọ òkúta kan nínú àpò rẹ̀, ó tóbi ju tiwa lọ, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé e fún ọmọ tó yára. Ọmọ náà yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó tún yí i. Mo mọ ohun tó ń wá. Ìkarahun karùn-ún inú páálí wa ti fọ́ rí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìkẹsàn-án ti kán lẹ́nu. Kúrùtẹ́ẹ̀sì pupa tí wọ́n fi ń kun èékánná kán sára eyín ẹja. Àpá ni ọmọ yìí mọ̀, kò mọ òkúta. Ó wá ní ìgbín òkun ni. Bàbá mi orí, ó na òkúta náà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ gbà wọ́n o."

Mo gbà á. Àtàǹpàkò mi lọ tààrà síbi tí gọ́ọ̀mù ì bá wà. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Mo yára ní àwọn ọmọ ni kó dáhùn, ṣebí àwọn ló ń lọ ìdíje. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ọmọ kejì gba òkúta lọ́wọ́ mi, ó fi ìka fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ní apá ọ̀tún àti apá òsì dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdérí òkè tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà, irú ìkarahun karùn-ún inú páálí wa ni. Bàbá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri kí n tó lọ pààrọ̀ orúkọ. Mo pe ọmọ tó yára sábẹ́ igi máńgòrò, mo sọ fún un pé ẹnìkejì rẹ̀ ló máa lọ. Kò sunkún. Ó ń fa òwú kan létí apá yunifọ́ọ̀mù tuntun yẹn.

"Mà, ṣé ẹ̀yin mọ òkúta tí bàbá yẹn mú wá?"

Mo lè parọ́. Àgbà ni mí, ta ni yóò já mi nírọ́?

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Àpá lèmi náà ń wò."

Ó ní ẹ ṣé, mà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ṣé yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọmọ kejì gbé ipò kẹta níbi ìdíje, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé wa ò gba ipò kankan rí tẹ́lẹ̀. Lórí ìlà àdúrà àárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, pé ojú mi mọ ọmọ tó mọ̀wé. Ojú tì mí, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń to òkúta sínú páálí kí n lè dá wọn padà, nígbà tí ọmọ Sábó wọlé. Mo ti ń wá ohun tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́. Kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó mú ìkarahun karùn-ún, ó fi àtàǹpàkò bo ojú gọ́ọ̀mù, ó gbé e síwájú mi.

"Kí lẹ rí, mà?"

Ó ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo fa àga fún un, mo wá awò ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà ara ìkarahun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.