Obìnrin Ọlọ́sàn tí Mo Rí ní Kétu

Ẹ lè ní orí mi ti yí, ìyẹn ò dùn mí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòrókòró, mi ò sì mu ọtí lọ́jọ́ náà.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ìkòsì. Lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ tọmọdé-tàgbà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi àti Ṣadé ìyàwó mi wá ọmọ títí, a ò rí. Nígbà tó rẹ̀ wá, ó ní kí n tún bọ́ọ̀sì àlòkù kan ṣe, ká tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, ká máa wà á kiri, ká máa sùn sínú rẹ̀ ní àwọn ìlú àtijọ́ ẹnu ibodè: Ìdìròkò, Ìmẹ̀kọ, títí dé Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fi sọ Kétu tiwa l'Ékòó. Òun ló rán kọ́tìnnì ojú fèrèsé rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ṣe tán, àìsàn dé bá Ṣadé. Èmi ni mo kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo dá nìkan gbéra. Ẹ gbà mí gbọ́, mò ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tó jókòó tì mí. Mo sùn ní Ìdìròkò, mo sùn ní Ìmẹ̀kọ, mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀sán gangan ni mo dé Kétu. Mo páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi àtijọ́ ìlú, mò ń se tíì lórí sítóòfù. Obìnrin kan ń polówó ọsàn bọ̀, ó pọn ọmọ. Kí n tó gbójú sókè ni mo ti mọ ohùn yẹn.

Kọ́tìnnì ló kọ́kọ́ rí. Ó dúró, ó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi. Àpá ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o wà ní apá rẹ̀.

Ṣadé ni.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú níbì kan tó lọ ń gbé níbòmíràn. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti lè pe orúkọ rẹ̀, ó parí, wọn ò ní rí i mọ́ níbẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ti dé ètè mi. Mo fẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì ká máa lọ sílé wa.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí. Mi ò tíì já a lẹ́nu ọmú.”

Mo wo ọmọ náà. Imú Ṣadé ló gbé wá sáyé. Ọmọ tí a fi ààwẹ̀ àti ẹkún wá, ilé ẹlòmíràn ló bí i sí. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ó sì tún wù mí kí n gbé e.

“Ṣé ó ń sùn dáadáa?” mo béèrè.

“Ó ń sùn.”

Mo pa ẹnu mi dé. Mo tan bọ́ọ̀sì, mo yí i padà.

Mi ò tíì jìnnà tí mo fi gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn mi, kò sì dáwọ́ dúró. Bóyá ebi ló ń pa á. Bóyá rírí tí mo rí ìyá rẹ̀ lásán ti tó láti lé e lọ. Mi ò lè bojú wẹ̀yìn, mi ò sì mọ̀ títí dòní. Ó ń dùn mí ju ọjọ́ tí mo sin ín lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí ẹni tí ẹ ti sin ní ìlú míì, ẹ sá pamọ́ kó tó rí yín. Ẹ ò mọ ẹni tó pọ̀n sẹ́yìn.