Àmì Tí Alágbàfọ̀ Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Kò-sábàwọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà, orúkọ ọ̀hún sì rò ó. Bí epo bá ta sí aṣọ funfun, tàbí tí ọmọ da tádàwà sí ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Apá ọ̀tún ló fi ń lọ aṣọ láti kékeré, aṣọ tó bá sì lọ̀ máa ń gún régé. Bó bá wá fọ́nnu díẹ̀, ta ni yóò bá a wí?

Apá yìí gan-an ni kókó yọ sí, lókè ìgúnpá. Kò dùn ún, ló bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, títí apá ẹ̀wù rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ kókó náà wò: jẹjẹrẹ inú ẹran ara ni. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà pé wọ́n á gé apá rẹ̀. Alágbàfọ̀ tí kò lápá ọ̀tún, kí ló kù?

"Bàbá, a ò fẹ́ gé apá yín," dókítà sọ fún un. "Ìtànṣán la máa kọ́kọ́ fi bá kókó yìí jà, kó lè rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà la máa wá yọ ọ́, ká lè dá apá sí."

Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìtànṣán fi tádàwà fa ìlà yí kókó náà ká, kí ìtànṣán má baà ṣìnà. Ó kìlọ̀ fún un kó má fọ̀ ọ́. Àmọ́ tádàwà, lára Kò-sábàwọ́n! Ó délé, kò lè fara dà á. Ọṣẹ díẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, ìlà ti pòórá. Ó tún pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

"Wò ó, kò ku ẹyọ kan!"

"Bàbá Ìbejì! Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gba apá yín là lẹ fọ̀ dànù yẹn!"

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ẹ̀rọ tún gbogbo ìwọ̀n wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀, ó sì fa ìlà tuntun. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ yín," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: bí bàbá bá ń wẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á dúró ti ìlẹ̀kùn.

Ìtànṣán parí, ara sinmi, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Kókó jáde, apá dúró. Egbò náà pẹ́ kó tó jinná, nítorí ibi tí ìtànṣán bá ti kọjá kì í tètè san. Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo ènìyàn ń kẹ́ Kò-sábàwọ́n bí ẹyin. Bó bá gbé ife omi, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí ọmọdé yẹn ń bí i nínú, kò kàn lè sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ tó padà sídìí tábìlì, àwọn oníbàárà dúró ń wò. Apá náà kò tíì lágbára tó, ṣùgbọ́n ó lọ ẹ̀wù funfun kan dé òpin. "Ẹ kúuṣẹ́! Ó dára gan-an!" ni wọ́n ń wí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀wù náà sójú ìmọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kí àìsàn tó dé.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì rún," ó ní. "Ẹ tún un lọ̀."

Àwọn oníbàárà wo ara wọn. Inú Kò-sábàwọ́n dùn, orí rẹ̀ wú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì tún ẹ̀yìn ẹ̀wù náà lọ̀.